Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Kí Bọ́jì Yín Yé Ẹyin, Kó sì Tọ́mọ Yọ Nínú Ilé

Ẹni tó bá lọ ra bọ́jì méjì lọ́jà, ìyẹn ẹyẹ kékeré tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní budgie, ohun tí olùtà máa sọ fún un kò ju ẹyọ kan lọ: "Akọ kan, abo kan ni mo dì fún yín o. Kí ọdún tó yí, wọ́n á ti di mẹ́wàá." Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ abo méjì ló dì sínú páálí, tí wọ́n á máa yé ẹyin tí kò ní pa láéláé, tí ẹ ó sì máa rò pé ilé yín ló gbóná jù.

Ẹbí odídẹrẹ́ ni bọ́jì, àmọ́ ilẹ̀ Ọsirélíà ni orírun rẹ̀. Ọdún 1840 ni John Gould, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ̀wé nípa ẹyẹ, kó àwọn tó wà láàyè dé London. Láti ìgbà náà ni aráyé ti ń sìn ín nínú ilé, tó fi jẹ́ pé inú kéèjì ni wọ́n bí èyí tó wà lọ́jà lónìí, inú kéèjì náà ni wọ́n sì bí baba ńlá rẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ odídẹrẹ́ tiwa yàtọ̀ síyẹn: láti 2017 ni àdéhùn CITES, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ti fòfin de kíkó odídẹrẹ́ inú igbó kọjá ibodè fún títà. Bọ́jì kò sí lábẹ́ òfin yẹn, ìdí kan nìyẹn tí mo fi ń gba ẹni tó bá fẹ́ sin ẹyẹ tó ń bímọ nílé níyànjú pé bọ́jì ni kó rà.

Nínú igbó Ọsirélíà, bọ́jì kì í ní oṣù kan pàtó tó fi ń bímọ. Bí òjò bá rọ̀, tí koríko sì so, wọ́n á wá ihò igi, wọ́n á yé ẹyin síbẹ̀. Oúnjẹ tó pọ̀, omi tó tó, ihò tó ṣókùnkùn: ohun mẹ́ta yìí ló ń sọ fún wọn pé àsìkò ti tó. Òun náà lẹ̀yin máa fi pè wọ́n, ṣùgbọ́n ihò ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má gbàgbé pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa tọ́ ọmọ yìí. Àwọn òbí rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe jù yín lọ. Tiyín ni kí oúnjẹ má tán, kí ìtẹ́ gbẹ, kí ewu má dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ẹ sì mọ àwọn ìgbà díẹ̀ tó yẹ kí ẹ tọwọ́ bọ̀ ọ́.

1. Ẹ wo imú wọn kí ẹ tó gbà pé tọkọtaya ni wọ́n

Lókè àgógó bọ́jì, níbi tí ihò imú rẹ̀ méjèèjì wà, ẹran ara kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò ní ìyẹ́. Bí akọ bá ti dàgbà, ibẹ̀ á di búlúù. Ti abo á di búráùn, bí ó bá sì ti múra àtiyé ẹyin, á nípọn, á sì máa rí ṣákiṣàki. Àwọn tó lè rú yín lójú ni àwọn tó funfun láú àti àwọn tó jẹ́ kìkì ìyeyè, tí ojú wọn pupa. Imú akọ wọn kì í di búlúù. Píǹkì tàbí elésè àlùkò ló máa ń wà títí ayé. Bí ọ̀kan kò bá dá yín lójú, ẹ má gba ọ̀rọ̀ olùtà gbọ́, ẹ ra èyí tí imú rẹ̀ sọ̀rọ̀ kedere.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ọjọ́ orí. Ilà dúdú wẹ́wẹ́ tó wà lórí bọ́jì tó ṣì kéré máa ń sọ̀ kalẹ̀ dé iwájú orí, títí kan imú. Bí ó bá tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ìyẹ́ ibẹ̀ á bọ́, òmíràn tí kò ní ilà á sì hù. Abo lè fi hàn pé òun fẹ́ yé ẹyin kí ó tó pé oṣù méje, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ dúró kí ó pé ọdún kan. Èyí tí kò tíì gbó dáadáa ni ẹyin sábà máa ń há sí nínú. Abo tó bá sì ti kọjá ọdún mẹ́rin, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ti akọ rọrùn díẹ̀, kó ṣáà ti tó oṣù mẹ́wàá.

Ẹ má ṣe so tẹ̀gbọ́n-tàbúrò pọ̀. Bí ẹ bá ra méjèèjì nínú kéèjì kan náà lọ́wọ́ ẹnì kan náà, ó ṣeé ṣe kí ìyá kan náà ló bí wọn. Ẹ ra ọ̀kan níbí, kí ẹ ra èkejì níbòmíràn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ti gba ara wọn? Akọ á máa mi orí sókè sódò níwájú abo, á máa fi àgógó kan àgógó rẹ̀, á máa ráhùn wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí, lẹ́yìn náà á pọ oúnjẹ látọ̀fun, á fi sí i lẹ́nu. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kí ẹ dúró dè, torí ọ̀nà tó máa gbà bọ́ abo nìyẹn ní gbogbo ìgbà tó bá ń sàba. Akọ tí kì í bọ́ ìyàwó rẹ̀ kí ẹyin tó dé kò ní bọ́ ọ nígbà tí ẹyin bá dé.

Àwọn kan máa ń kó tọkọtaya mélòó kan sínú kéèjì ńlá kan ṣoṣo. Ó dùn ún wò, àmọ́ n kò fara mọ́ ọn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Abo bọ́jì máa ń jà lórí àpótí tí wọ́n ń yé ẹyin sí, wọn kì í sì í fi ìjà náà ṣeré: wọ́n lè wọlé tọ ẹlòmíràn, kí wọ́n fọ́ ẹyin rẹ̀, kí wọ́n pa ọmọ rẹ̀, kí wọ́n sì ṣe ìyá náà léṣe. Tọkọtaya kan, kéèjì kan.

2. Kéèjì àti ibi tí ẹ máa gbé e sí

Kéèjì tí kò gùn tó ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà ti kéré jù fún tọkọtaya tó fẹ́ bímọ. Ó sàn kó gùn ju kó ga lọ, nítorí ẹ̀gbẹ́ ni bọ́jì máa ń fò sí. Ẹ fi igi ìbà méjì, ìyẹn igi tí wọ́n á máa bà lé, sínú rẹ̀, kí wọ́n le dáadáa. Ohun kékeré tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí nìyí: bí igi ìbà bá ń mì, akọ kò ní lè gun abo dáadáa, ẹyin á sì jáde láìní ọmọ nínú. Ẹ̀ka igi gúáfà tàbí máńgòrò tí ẹ kò fín oògùn sí dára ju ọ̀pá oníke tó ń dán lọ. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a gbẹ, kí ẹ tó fi sínú kéèjì.

Ibi tí ẹ máa gbé e kọ́ le díẹ̀ nínú ilé tiwa. Ilé ìdáná kò dára rárá. Páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, bí iná bá jó o gbẹ, èéfín tó ń jáde lára rẹ̀ lè pa gbogbo ẹyẹ inú ilé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ sì lè má gbọ́ òórùn kankan. Ẹ̀yìnkùlé tí jẹnẹrétọ̀ wà náà kò dára, bẹ́ẹ̀ ni yàrá tí ẹ ti ń fín oògùn ẹ̀fọn tàbí tí ẹ ti ń tan èyí tó ń rú èéfín. Ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ kò rí bíi tèèyàn. Ohun tó kàn mú yín wúkọ́ lè pa á. Fárańdà tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí wẹ́rẹ́, tí oòrùn ọ̀sán kì í dé, tó sì ní nẹ́ẹ̀tì, ni mo fọwọ́ sí jù. Ẹ gbé e ga tó ojú yín, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri, kí ológìnní má rí ibi dúró sí. Bí kéèjì bá ní ẹsẹ̀, ẹ ki ẹsẹ̀ náà bọ inú agolo tí omi wà nínú rẹ̀ nítorí èèrà. Ìjàlọ kò ní ju òru kan lọ tí á fi jẹ ọmọ ẹyẹ tó wà nínú àpótí tán.

Ní ti àsìkò, ẹyẹ yìí lè yé ẹyin nígbàkigbà ní ilẹ̀ wa, nítorí ọ̀sán wa kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn tàbí kó kúrú láti oṣù kan sí èkejì. Ṣùgbọ́n ooru oṣù kejì àti oṣù kẹta máa ń mú inú àpótí gbóná ju bó ti yẹ lọ, ọyẹ́ sì máa ń gbẹ ẹyin tó fi jẹ́ pé ọmọ á kú sínú èèpo nígbà tó yẹ kó jáde. Ìgbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ ni kí ẹ gbé àpótí kọ́. Bí ẹyin bá sì bọ́ sínú ọyẹ́, ẹ máa gbé abọ́ omi pẹrẹsẹ kan sínú kéèjì láràárọ̀, kí abo lè wẹ̀ kí ó tó padà sórí ẹyin. Ọ̀rinrin ara rẹ̀ ni ẹyin nílò.

3. Oúnjẹ ló ṣáájú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú àpótí

Jéró ni ìpìlẹ̀ oúnjẹ wọn. Bí ẹ bá rí canary seed, hóró koríko kan tí wọ́n fi ń bọ́ ẹyẹ, rà, ẹ pò ó mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n jéró nìkan kò lè kọ́ egungun ọmọ márùn-ún. Ẹ kọ́ wọn ní oúnjẹ rírọ̀ nísinsìnyí tí ọmọ kò tíì dé, torí bọ́jì máa ń bẹ̀rù oúnjẹ tí kò rí rí, ó lè gbà á tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó fẹnu kàn án.

Ẹyin adìẹ ni ó ṣe kókó jù. Ẹ sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán, ẹ rún un kúnná tòun tèèpo rẹ̀, ẹ pò ó mọ́ búrẹ́dì gbígbẹ tí ẹ ti lọ̀. Ṣíbí tíì kan fún tọkọtaya kan, ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀, tó. Bí ọmọ bá ti jáde, ẹ sọ ọ́ di ojoojúmọ́. Oúnjẹ yìí kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ooru, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ó kọjá wákàtí méjì sí mẹ́ta nínú kéèjì.

Jéró híhù náà dára púpọ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi láti alẹ́ di àárọ̀, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, ẹ dà á sínú asẹ́, ẹ fi aṣọ tó mọ́ bò ó. Ní ọjọ́ kejì, ẹ óò rí ẹnu funfun tó ń yọ lára rẹ̀. Ẹ tún ṣàn án kí ẹ tó fún wọn. Bí ó bá ń rùn, ẹ dà á nù. Kò sí ẹyẹ tó tó láti fi dán an wò. Ẹ fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ewé mọ́ríńgà, kárọ́ọ̀tì tí ẹ ti rin, àti àgbàdo tútù tó ṣì rọ̀ kún un. Àgbàdo tútù yìí, bí ọmọ bá wà nínú ìtẹ́, wọ́n á sáré bá a. Ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn ni píà, ṣokoléètì, kọfí, ọtí, àlùbọ́sà, àti oúnjẹ oníyọ̀ tó ṣẹ́ kù nínú abọ́ yín. Píà ni kí ẹ bẹ̀rù jù, ó ń pa bọ́jì ní kíákíá.

Èèpo ẹyin tí abo máa yé, ara rẹ̀ ló ti máa wá. Bí kò bá rí kálísíọ̀mù jẹ, inú egungun tirẹ̀ ni á ti yọ ọ́. Ẹ so cuttlebone, egungun funfun inú ẹran omi kan tó kún fún kálísíọ̀mù, mọ́ ẹ̀gbẹ́ kéèjì. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ ra ìkarahun lílọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ adìẹ, tàbí kí ẹ lọ èèpo ẹyin adìẹ tí ẹ ti sè kúnná. Oòrùn àárọ̀ ló ń jẹ́ kí ara lo kálísíọ̀mù náà, nítorí náà ẹ gbé kéèjì sí ibi tí oòrùn àárọ̀ á ti tà sí i díẹ̀, kí ibòji sì wà ní apá kan rẹ̀. Oòrùn tó gba ojú gíláàsì fèrèsé wọlé kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí gíláàsì ti dá èyí tó wúlò nínú rẹ̀ dúró.

4. Àpótí

Bọ́jì kì í kọ́ ìtẹ́. Ẹ má wulẹ̀ já koríko tàbí òwú fún wọn. Ihò igi ni wọ́n mọ̀, àpótí pákó ló sì máa ṣe bí ihò igi fún wọn. Kápẹ́ńtà àdúgbò lè kàn án láàárín wákàtí kan bí ẹ bá fún un ní ìwọ̀n: gígùn rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 25, fífẹ̀ rẹ̀ 15, gíga rẹ̀ 18. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí ó jẹ́ ihò róbótó tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4.5, ní apá òkè ní ọwọ́ kan, kí igi ìbà kúkúrú kan wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ó ṣe ìdérí tàbí ilẹ̀kùn tí ẹ lè ṣí láti ìta. Ẹ sọ fún un pé kó má kùn ún, kó má sì fi oògùn ikán sí pákó rẹ̀.

Ohun tí kápẹ́ńtà máa ń kọ̀ láti ṣe ni ìsàlẹ̀ àpótí. Ó gbọ́dọ̀ fi irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ igi gbẹ́ ojú ibì kan níbẹ̀ kó jin díẹ̀, ní apá tó jìnnà sí ihò. Ibẹ̀ ni ẹyin máa kó jọ sí. Bí ìsàlẹ̀ bá tẹ́jú, ẹyin á máa yí kiri, abo kò ní lè bò wọ́n tán. Bí ọmọ bá sì pa, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yọ̀ sọ́tùn-ún sósì títí tí kò fi ní lè dúró mọ́. Ẹ má gbà kí ó sọ fún yín pé kò pọn dandan.

Ẹ tẹ́ pákó fífá sínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn olùsìn adìẹ ń tẹ́ sílẹ̀, kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Kí ó má jẹ́ ìyẹ̀fun pákó tó kúnná, torí eruku rẹ̀ máa ń wọ inú imú ọmọ. Abo á kó èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ dà síta lọ́jọ́ tó bá wọlé. Ẹ jẹ́ kó dà á, ìwà wọn ni. Ìgbà tí ọmọ bá pa lẹ máa tẹ́ òmíràn.

Ìta kéèjì ni kí ẹ gbé àpótí kọ́ sí, lápá òkè, kí ihò rẹ̀ dojú kọ ibi tí ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn kéèjì sílẹ̀. Lọ́nà yìí, ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò láìti ọwọ́ bọ inú kéèjì, èyí tó máa ń dẹ́rù bà wọ́n. Abo lè fi ọjọ́ mélòó kan yọ orí wò kó tó wọlé. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí kò wọlé rárá, ẹ yọ àpótí kúrò, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ lórí oúnjẹ.

5. Ẹyin

Kí ẹyin tó dé, ìgbẹ́ abo ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Á di ńlá, á sì máa rùn, nítorí pé ó ń mú un mọ́ra nínú àpótí, ìgbà díẹ̀ lóòjọ́ ló ń jáde wá ya á. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé àìsàn ni. Kì í ṣe àìsàn.

Ẹyin náà funfun, kò tóbi ju èékánná àtàńpàkò àgbàlagbà lọ. Lónìí ẹyọ kan, lọ́túnla ẹyọ kan, títí tí á fi tó mẹ́rin sí mẹ́fà, ìgbà míì mẹ́jọ. Ẹ fi kàlẹ́ńdà kan kọ́ sára ògiri níbẹ̀, kí ẹ máa kọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé. Abo nìkan ló ń sàba, láti orí ẹyin kìn-ín-ní tàbí ìkejì. Ọjọ́ 18 ni ẹyin fi ń pa, bí wọ́n sì ṣe tò dé ni wọ́n ṣe máa tò pa. Ìdí nìyí tí àkọ́bí fi lè ti hu ìyẹ́ nígbà tí àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nínú èèpo.

Bí ẹyin kan bá ti pé ọjọ́ méje lábẹ́ ìyá, ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ nígbà tí abo bá jáde wá jẹun. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì kékeré sí i láti ìsàlẹ̀, kí ẹ má gbé e sókè jù. Bí ẹ bá rí iṣan pupa tín-ín-rín tó tàn káàkiri, ọmọ wà nínú rẹ̀. Bí ó bá mọ́ gaara, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ má yára kó àwọn tó mọ́ gaara dànù o: bí ẹ bá kó wọn, abo lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í yé òmíràn dípò wọn, ẹyin tó ṣẹ́ kù sì máa ń ran ọmọ tó kọ́kọ́ pa lọ́wọ́ láti fara tì. Ẹ má fọ ẹyin. Ẹ má da èyíkéyìí nù kí ọjọ́ rẹ̀ tó kọjá 23.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà nípele yìí tí kò ṣeé dúró wò. Bí ẹ bá rí abo tó jókòó sílẹ̀ kéèjì, tí ìyẹ́ rẹ̀ wú, tí ìrù rẹ̀ ń mì sókè sódò bó ṣe ń mí, tó sì ń fi ipá tì bí ẹni tó ń rọbí, ẹyin ló há sí i nínú. Ẹ gbé e sínú páálí kékeré tí aṣọ rírọ̀ wà nínú rẹ̀, ní ibi tó ṣókùnkùn tó sì móoru dáadáa, bí ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Gílóòbù oníná tí kò sún mọ́ ọn jù lè ṣe é. Bí iná bá lọ, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ike, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi aṣọ tútù tí ẹ ti fún sí etí páálí kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè ní ọ̀rinrin. Ẹ má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nínú, ẹyin lè fọ́ sí i lára, á sì kú. Bí wákàtí díẹ̀ bá kọjá tí kò yé e, dókítà ẹranko ló kù. Ilé ìwòsàn àwọn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, òmíràn wà ní yunifásítì FUNAAB l'Ábẹ́òkúta. Ẹ wá èyí tó sún mọ́ yín kí ẹyin tó dé, kì í ṣe lọ́jọ́ tí wàhálà dé.

6. Ọmọ dé

Ẹ óò gbọ́ ohùn tín-ín-rín nínú àpótí. Ọmọ tó wà nínú ẹyin máa ń lù ú láti inú, ó sì lè lo odindi ọjọ́ kan kó tó jáde. Ẹ má bá a ṣí èèpo. Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú iṣan tó lẹ̀ mọ́ èèpo náà, bí ẹ bá sì já a, ẹ ti pa á nìyẹn.

Ìhòòhò ni wọ́n ń bí i, ojú rẹ̀ á dì, kò sì ní wúwo ju gíráàmù méjì lọ. Ìyá á fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, á sì máa pọ omi oúnjẹ tó dà bíi wàrà látinú ara rẹ̀ sí i lẹ́nu. Baba kì í wá síbẹ̀ nígbà yìí. Baba ló ń bọ́ ìyá, ìyá ló sì ń bọ́ ọmọ. Nítorí náà ẹ wo baba dáadáa. Bí ó bá ṣàìsàn ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ gbé oúnjẹ sún mọ́ ihò àpótí.

Láti ọjọ́ kejì, ẹ máa yẹ ìtẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ẹ kan àpótí kọ́kọ́kọ́ díẹ̀ kí ẹ tó ṣí i, kí abo mọ̀ pé ẹ ń bọ̀, kó má bàa fò lójijì kó sì tẹ ọmọ mọ́lẹ̀. Ohun tí ẹ ń wò ni àpò oúnjẹ tó wà lábẹ́ ọrùn ọmọ. Awọ ara wọn fẹ́lẹ́, ẹ óò rí oúnjẹ nínú rẹ̀. Bí ó bá kún, ẹ ti ìdérí padà, ẹ máa lọ. Bí ó bá ṣófo láàárọ̀, tó tún ṣófo lọ́sàn-án, ìyá kò bọ́ ọ.

Ẹni tó ní tọkọtaya méjì tó yé ẹyin ní àsìkò kan náà ló rọrùn fún jù níbí. Á kàn gbé ọmọ tí ebi ń pa sáàárín àwọn ọmọ tọkọtaya kejì, tí wọ́n jọ tóbi dọ́gba. Bọ́jì kì í sábà kọ ọmọ ọlọ́mọ. Ìdí tí mo fi máa ń sọ pé ẹni tó fẹ́ ṣe é dáadáa kó gbé àpótí méjì kọ́ lọ́jọ́ kan náà nìyẹn. Fífi ọwọ́ bọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan le gan-an: oúnjẹ gbọ́dọ̀ ṣàn bí omi, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní ìwọ̀n 38 sí 40, láàárín wákàtí méjì síra wọn, lọ́sàn-án àti lóru, bí ẹ̀kán kan bá sì wọ inú ọ̀nà èémí rẹ̀, ó parí. Bí kò bá sí òbí alágbàtọ́, dókítà ẹranko tàbí ẹni tó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ bá.

7. Ìtẹ́ gbígbẹ àti ẹsẹ̀ tó tọ́

Fún ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ìgbẹ́ ọmọ kò tó nǹkan. Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ọmọ mẹ́rin á ti sọ àpótí di ẹrẹ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ sínú abọ́ tí aṣọ wà nínú rẹ̀, ẹ ha ìsàlẹ̀ àpótí, ẹ tẹ́ pákó fífá tuntun, ẹ dá wọn padà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti pọ̀ jù fún gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ máa ṣe é lọ́jọ́ méjì sí mẹ́ta síra. Ẹ fi nǹkan bo imú yín, torí eruku ìgbẹ́ àwọn ẹyẹ ẹbí odídẹrẹ́ lè gbé àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ran èèyàn, kí ẹ sì fọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kí aboyún má ṣe iṣẹ́ yìí.

Nígbà tí ọmọ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ yẹ ohun mẹ́ta wò. Àkọ́kọ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀: ìgbẹ́ máa ń gan mọ́ ọmọ ìka, á sì le koko. Ẹ ki í bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ọ́ kó rọ̀ kí ẹ tó yọ ọ́. Bí ẹ bá fà á ní gbígbẹ, èékánná á bá a lọ. Lẹ́yìn náà, inú àgógó òkè: oúnjẹ máa ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu rẹ̀, bí ẹ kò bá sì fi igi ìtayín tí ẹ ti gé ẹnu rẹ̀ kó má bàa mú yọ ọ́ jẹ́jẹ́, àgógó á hù wọ́, ẹyẹ náà kò sì ní lè fọ́ jéró fúnra rẹ̀ láé. Ìkẹta, bóyá ẹsẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi kún ohun tí ẹ tẹ́ sínú ìtẹ́, ẹ sì tètè gbé e lọ fún dókítà, nítorí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni egungun rẹ̀ fi ń rọ̀ tó láti padà sípò.

Ẹni tó bá fẹ́ fi òrùka sí ọmọ lẹ́sẹ̀, láàárín ọjọ́ kẹfà sí ìkẹjọ ni. Ṣáájú ìgbà yẹn, á bọ́; lẹ́yìn rẹ̀, kò ní wọlé. Ojú wọn á ti máa là ní àkókò yẹn náà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ óò rí ìyẹ́ tó ń gún jáde lápá àti nírù, ní ọ̀sẹ̀ kẹta ẹ ó ti mọ àwọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa jẹ́. Láti ìgbà yìí, tí ẹ bá fẹ́ kí ó mọ èèyàn, ẹ máa gbé e sọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀yìn àti ọrùn ọmọ ń pá, ìyá ló ń fa ìyẹ́ wọn tu. Ó ti fẹ́ yé ẹyin mìíràn, wọ́n sì dí i lọ́nà. Èyí tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú wọn, ẹ kó o kúrò nínú àpótí sílẹ̀ kéèjì, baba á máa bọ́ ọ níbẹ̀. Bí ìyá bá tún ń lépa wọn, ẹ fi wáyà dá kéèjì sí méjì, kí baba àti ọmọ wà ní apá kan.

8. Jíjáde àti jíjá lẹ́nu òbí

Láàárín ọjọ́ 30 sí 35 ni wọ́n ń jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn kò mọ bí a ṣe ń bà, wọ́n á máa já lulẹ̀, nítorí náà ẹ gbé igi ìbà kan sísàlẹ̀, ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sí ilẹ̀ kéèjì, kí ẹ sì da jéró, jéró híhù àti ẹyin sínú abọ́ pẹrẹsẹ níbẹ̀. Abọ́ omi kò gbọ́dọ̀ jìn. Iṣẹ́ baba ló pọ̀ jù báyìí: òun ló ń bọ́ gbogbo wọn, òun ló sì ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa bó jéró.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ fi ń dá jẹun. Ẹ má gba ohun tí ẹ rí ní ìwo kan gbọ́, torí ọmọ máa ń fi àgógó ṣeré nínú abọ́ láìgbé nǹkan mì. Ẹ fẹ́ èèpo jéró kúrò lójú abọ́ láàárọ̀, kí ẹ sì wo ọrùn ọmọ lálẹ́. Bí ó bá ti ń kún ní ọjọ́ mélòó kan léraléra láìjẹ́ pé baba bọ́ ọ, ẹ lè kó o kúrò.

Kí gbogbo èyí tó parí, abo lè ti yé ẹyin mìíràn. Ẹ gbà á láyè lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí àwọn ọmọ ìgbà kejì bá ti jáde, ẹ yọ àpótí, ẹ ya akọ àti abo sọ́tọ̀, ẹ dín ẹyin àti oúnjẹ rírọ̀ kù, kí wọ́n sinmi fún oṣù mẹ́fà. Abo kò ní sọ fún yín pé ó ti rẹ òun. Bí ẹ bá fi àpótí sílẹ̀, á máa yé títí tí egungun rẹ̀ á fi rọ. Ẹ fi omi gbígbóná fọ àpótí, ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì wo inú kọ̀rọ̀kọ́rọ̀ pákó rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni kòkòrò pupa kékeré tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ lóru máa ń sá pamọ́ sí lọ́sàn-án.

Àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ yín báyìí, ẹ wo imú wọn. Nígbà tí wọ́n ṣì kéré, ti akọ máa ń jẹ́ píǹkì tàbí elésè àlùkò kan náà jákèjádò imú. Àwọ̀ ti abo máa ń ṣí díẹ̀, òrùka funfun á sì yí ihò imú rẹ̀ méjèèjì ká. Ẹ kó akọ sí kéèjì kan, abo sí òmíràn, kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́rin. Bí kéèjì kò bá tó, ẹ fún ẹni tó ní àyè ní díẹ̀ lára wọn kí ẹ tó tún gbé àpótí kọ́.